Ẹni Tí Yóò Kín Ọ̀rọ̀ Wa Lẹ́yìn

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀pọ̀ yín ò mọ̀ nípa ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fún yín. Bí ẹnì kan bá dá àbá níbẹ̀, kódà kó dùn ju oyin lọ, bí ẹlòmíì ò bá dìde kín in lẹ́yìn, àbá náà kú nìyẹn. Wọn ò tiẹ̀ ní jiyàn lé e lórí. Èmi Moyọ̀sọ́lá tí mò ń yan ẹja ní Ìlàjẹ, ní Bàrígà, ta ló kọ́ mi? Ṣọlápé ni. Ọnọ́rébù wa.

Ẹ má wulẹ̀ pè é ní Ọnọ́rébù létí mi. Ìyá mi ló tọ́ ọ láti ọmọ ọwọ́, nígbà tí ìyá tiẹ̀ kú. Nígbà ìbò, àwa obìnrin ẹlẹ́ja la fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn, láti ojúlé dé ojúlé, títí dé Abúlé Òkúta, nítorí ẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ kan ló fẹ́ da yanrìn sí etí ọ̀sà wa, níbi tí ààrò gbogbo wa wà, kí wọ́n lè kọ́lé síbẹ̀ fáwọn olówó. Bí wọ́n bá dà á, iṣẹ́ wa tán. Mo bá lọ bá Ṣọlápé.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Témi fúnra mi bá dá àbá yẹn, wọ́n á ní torí Màmá ni. Mo ti bá Ọnọ́rébù Hameedat sọ̀rọ̀, òun ló máa dá a pé kí ìjọba dá wọn dúró. Kó ṣáà ti jókòó, mo ti dìde kín in lẹ́yìn nìyẹn."

Lọ́jọ́ náà, mo fọṣẹ fọ òórùn ẹja kúrò lára, mo lọ sí ilé ìgbìmọ̀ ní Ìkẹjà, mo jókòó sókè níbi tí wọ́n ń fi àlejò sí. Wọ́n kìlọ̀ fún wa pé àlejò ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ pàtẹ́wọ́. Hameedat dìde. Háà, obìnrin yẹn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹ̀gbẹ́ ààrò ni wọ́n bí i sí! Ó jókòó. Olórí ilé béèrè pé, "Ta ló kín in lẹ́yìn?"

Ẹnì kankan ò dìde. Mo wo Ṣọlápé. Fóònù ló ń tẹ̀. Mo ní bóyá kò gbọ́ ni. Olórí tún béèrè. Ọ̀gbẹ́ni gbójú sókè, ojú wa ṣe mẹ́rin, ó sì dojú kọ fóònù ẹ̀ padà.

Mo fò dìde, mo kígbe pé, "Èmi kín in lẹ́yìn! Ṣọlápé, dìde!" Kí n tó pa ẹnu dé, àwọn ẹ̀ṣọ́ ti wọ́ mi síta. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti gbọ́ tí Olórí ní kí wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tó kàn.

Ṣọlápé wá bá mi níta. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹgbẹ́ òṣèlú wa ló ní kí n jókòó. Àbí ẹ gbọ́ kí n sọ nǹkan kan tako yín?"

Ọ̀dàlẹ̀! Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ó dùn mí dé egungun. Mo pòṣé, mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Màmá ti ń retí mi nídìí ààrò. "Ṣé ọmọ mi sọ̀rọ̀?"

"Kò sọ̀rọ̀, Màmá."

"Bóyá wọn ò fún un láyè."

"Wọ́n béèrè, wọ́n tún béèrè. Ó dákẹ́ ni."

"Ṣọlápé yìí náà? Ọmọ tí ẹkún ẹ̀ kì í jẹ́ kí gbogbo àdúgbò sùn?"

Màmá fúnra ẹ̀ bá bu omi, ó dà á sínú ààrò, iná wa kú.