Ọkọ̀ Oníbúrẹ́dì

"Ta ló ní kí o fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yẹn?"

Oníbúrẹ́dì já ọwọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn ọkọ̀ bí ẹni tí iná jó, ó sì padà sẹ́yìn ìlà funfun. Òun ló ni ọkọ̀ náà, àmọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, ẹni tó ni ọkọ̀ kì í lẹ́nu ọ̀rọ̀. Baba ìyàwó rẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù, rewáyà àgbà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Máfọwọ́kàn-án. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀dà fa ìlà funfun sẹ́nu ọ̀nà, tó sì gbé bẹ́ńṣì sẹ́yìn rẹ̀ fún àwọn oníbàárà. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ré e kọjá tàbí kó wọnú ọkọ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́, ì báà jẹ́ adájọ́, ì báà jẹ́ àlùfáà. Lójú tirẹ̀, àwọn tó ni ọkọ̀ gan-an ló ń ba ọkọ̀ jẹ́.

Ọkọ̀ tòní yìí ti fẹ́ sọ ọ́ di ẹlẹ́yà. Á máa lọ geerege, á kàn ṣàdédé kú lójú títì. Tó bá tún ṣe díẹ̀, á dìde bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí wọ́n ń gbé e wá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, orí afárá ló kú sí, tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀, aboyún ló sì ń wà á. Aboyún náà ni ọmọ kan ṣoṣo tí Máfọwọ́kàn-án bí. Dókítà ti ní kó wá lọ́la ní kùtùkùtù kí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀, òdìkejì afárá yẹn kan náà sì ni ilé ìwòsàn wà.

Oníbúrẹ́dì ti sọ pé àwọn lè fi takisí lọ. Máfọwọ́kàn-án wò ó tìkà-tẹ̀gbin.

"Ọmọ rewáyà, kó fi takisí lọ bímọ? Kí wọ́n wá máa bi mí pé kí ni mò ń ṣe láyé?"

Láti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ti mú ọkùnrin yìí wálé ni kò ti gba tiẹ̀. Odindi ọkùnrin, iṣẹ́ tó rí ṣe láyé ni kó máa po ìyẹ̀fun! Ìyẹ̀fun wà nínú irun rẹ̀, ó wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Tó bá jókòó pẹ́nrẹ́n, á máa tòògbé. Ohùn rẹ̀ pàápàá rọ̀ bí inú búrẹ́dì. Ọjọ́ tó sì kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ yìí wá, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ pátápátá.

"Bàbá, mo ṣàkíyèsí nǹkan kan. Tí ìyàwó mi bá wà nínú ẹ̀ ló máa ń kú. Tó bá jẹ́ èmi nìkan ni mò ń wà á, kì í kú."

Inú bí Máfọwọ́kàn-án débi tí etí rẹ̀ ń hó. Ibi tí ọ̀rọ̀ wá ń lọ nìyẹn: ọmọ òun ni olóríburúkú tó ń pa ọkọ̀ lójú títì!

"Ọmọ mi kì í ṣe àjẹ́ o. Lọ jókòó."

Oníbúrẹ́dì lọ jókòó, kò sì tún sọ ọ́ mọ́.

Lónìí, Máfọwọ́kàn-án ti yẹ ọkọ̀ náà wò látorí dé ìrù. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha orí bátìrì títí ó fi ń dán. Ó yọ àwọn fíúsì, ó gbé wọn sójú oòrùn wò. Lẹ́yìn náà ó wọnú ọkọ̀, ó ti àwọn àga iwájú síwájú títí dé òpin, bó ṣe máa ń ṣe kó lè ráyè, ó ká kápẹ́ẹ̀tì, ó sì ń fi ìka tọ wáyà lẹ́sẹẹsẹ. Ó tan ẹ́ńjìnnì, ó ń mi àwọn wáyà abẹ́ dáṣíbọọ̀dù, ó ń gbọ́ bóyá ohùn ẹ́ńjìnnì á yí padà. Kò yí padà. Ó wà á yí àdúgbò ká, ó gba orí gegele, ó gba inú kòtò, ó tẹ bíréèkì lójijì. Ọkọ̀ ń lọ bí ọkọ̀ gidi.

Rewáyà kékeré tó wà ní òpópónà kejì, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ló fi ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀, ti ki ẹ̀rọ bọ̀ ọ́ níjẹta, ẹ̀rọ sì ní kò sí nǹkan kan. Ìyẹn dùn mọ́ Máfọwọ́kàn-án nínú dé góńgó. Àmọ́ nígbà tí òun náà ò wá rí nǹkan kan yìí, adùn ọ̀hún ti ń korò lẹ́nu rẹ̀. Àwọn èèyàn a máa sọ fún un pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ó gbà pé ẹni tí kò ní ọgbọ́n tirẹ̀ ló pa òwe yẹn.

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ nínú àkísà. Ẹ́ńjìnnì ṣì ń dún lẹ́yìn rẹ̀.

"Ó ti yá. Orí bátìrì ló dọ̀tí. Ẹni tó bá ń tọ́jú ọkọ̀ bí ọmọ èèyàn ò lè rí irú èyí."

Irọ́ ni, ó sì mọ̀ pé irọ́ ni. Orí bátìrì ò dọ̀tí tó bẹ́ẹ̀.

Oníbúrẹ́dì dìde lórí bẹ́ńṣì. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kó jókòó sínú ẹ̀ ná ká tó gbé e lọ."

"O tún ti bẹ̀rẹ̀! Àbí ìyẹ̀fun ti wọ̀ ọ́ lágbárí ni?"

Ọmọ rẹ̀ ni kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ síwájú. Àtàárọ̀ ló ti jókòó lórí bẹ́ńṣì, tó fọwọ́ ti ìbàdí. Ó rọra dìde, ó sì gba orí ìlà funfun kọjá.

"Ìyáà mi, ìlà o!"

"Mo rí i, Bàbá."

Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà. Ó bẹ̀rẹ̀ níwọ̀n tí ikùn rẹ̀ jẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀, ó fa irin abẹ́ àga, ó sì ti àga náà sẹ́yìn títí tí kò fi lọ mọ́, kí ikùn rẹ̀ lè ráyè. Ó jókòó. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún wúkọ́, ó kú.

Máfọwọ́kàn-án ju àkísà sílẹ̀, ó sún mọ́ ọkọ̀.

"Tì í síwájú," ni Máfọwọ́kàn-án wí. Ó tì í síwájú. Ó na ọwọ́ yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ jí. "Tì í sẹ́yìn." Ó tì í sẹ́yìn, ọkọ̀ kú.

Ara Máfọwọ́kàn-án bù máṣọ. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ àga. Wáyà tó ń gbé iná lọ fún pọ́ńpù epo gba ibẹ̀ kọjá, irin àga sì ti gbé e há. Gbogbo ìgbà tí àga bá lọ sẹ́yìn ló ń fa wáyà náà le. Awọ rẹ̀ ṣì dára, kò sí ojú tó lè rí i, àmọ́ bàbà inú rẹ̀ ti já. Tí àga bá padà síwájú, ibi méjèèjì tó já á tún fẹnu kora, iná á sì máa lọ. Láti ìgbà tí oyún ti tóbi ni ọmọ rẹ̀ ti ń ti àga sẹ́yìn. Ohun tí òun Máfọwọ́kàn-án sì kọ́kọ́ ń ṣe nígbà gbogbo ni pé kó tì í síwájú. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń lé àìsàn náà lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Tí ìyàwó mi bá wà nínú ẹ̀ ló máa ń kú. Ohun tí ọkùnrin náà sọ nìyẹn, kò bù ún kù, kò sì fi kún un.

Ó gé ibi tó bàjẹ́ sọnù, ó bó awọ wáyà, ó lọ́ ọ pọ̀, ó yọ́ lẹ́ẹ̀dì lé e, ó fi téèpù wé e, ó sì so ó jìnnà sí irin àga. Ojú rẹ̀ ni kò mọ bó ṣe fẹ́ ṣe. Ọmọ rẹ̀ tún jókòó, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó ti àga síwájú, ó tì í sẹ́yìn, ó ń ṣe é léraléra. Ẹ́ńjìnnì ò tiẹ̀ mira.

Máfọwọ́kàn-án yíjú sí Oníbúrẹ́dì. Èébú tó wà nílẹ̀ ló kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu.

"Kí ló dé tí o ò sọ pé àga ni?"

"Mi ò mọ̀ pé àga ni, sà. Ẹ má bínú." Oníbúrẹ́dì ti ń dọ̀bálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti fẹ́ kan ilẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má bínú sí mi."

Ẹni tó jàre ló ń bẹ̀bẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, Máfọwọ́kàn-án tẹ́tí sí ohùn náà bó ṣe máa ń tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì. Ó ti ń gbọ́ "ẹ má bínú" yìí tipẹ́: tí ọkùnrin yìí bá wọlé, tó bá ń jáde, tó bá fẹ́ bu omi mu. Ọmọ òun náà ń sọ ọ́. Ọ̀wọ̀ ni òun ti ń pè é láti ọjọ́ yìí, àṣé ìbẹ̀rù ni. Ojú tì í, ó sì mọ̀ pé ojú ń ti òun.

"Dìde," ó wí. Ó wá ohùn mìíràn nínú ọ̀fun rẹ̀, kò tètè rí i. "Kí lo tún rí lára ọkọ̀ yìí tí o ò tíì sọ fún mi?"

Oníbúrẹ́dì wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó wo ilẹ̀.

"Ṣé ẹ ò ní bínú, sà?"

Máfọwọ́kàn-án wo ìlà funfun tó fi ọ̀dà fà. Ọmọ rẹ̀ ti pa ẹ́ńjìnnì láti inú ọkọ̀. Kò gbé ojú kúrò lára baba rẹ̀. Òun náà ń dúró gbọ́ èsì.