Ìgbà Tí Taisia Dákẹ́ ní Petergof

Kò sí ẹni tí kò mọ Taisia ní abúlé wọn létí odò Sukhona. Ó lè máa jẹun kó máa sọ̀rọ̀, ó lè máa fọ eyín kó máa sọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ̀, kí ó tó kú, máa ń sọ pé òun ń lọ pẹja kí etí òun lè rí oorun sùn. Kò níkà nínú rárá o, ọ̀rọ̀ ló kàn pọ̀ níkùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìgbà ooru tí àwọn àgbà abúlé gba bọ́ọ̀sì lọ wo àwọn ààfin ọba àtijọ́ ní ẹ̀bá Petersburg, obìnrin yìí di ògiri ńlá tí Nikanor, ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà, kò rọ́nà gbà kọjá.

Ohun tó wà lọ́kàn Nikanor kò ju gbólóhùn kan lọ. Ó pẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí. Agafya, opó tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà, ni wọ́n jọ ń ṣa olú nínú igbó, òun ni wọ́n jọ ń mu tíì nígbà tí yìnyín bá sé gbogbo ilẹ̀kùn. Wàyí o, Rimma, ọmọ Agafya tó wà ní Murmansk, ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin fún ìyá rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ti ààfin dé, ìyá ń kó lọ nìyẹn, ó di gbére. Bí Nikanor bá máa la ẹnu, àfi kó là á kí bọ́ọ̀sì tó gbé wọn padà sílé. Taisia ló sì jókòó ti Agafya láti ilé.

Ààfin aláwọ̀ ojú ọ̀run tó wà ní Tsarskoe Selo ni wọ́n kọ́kọ́ dé. Wọ́n fún oníkálukú ní bàtà rírọ̀ tí wọ́n ń wọ̀ lé orí bàtà ẹni kí ilẹ̀ má baà ha, gbogbo àwọn àgbà wá ń yọ̀ kiri nínú gbọ̀ngàn oníwúrà bí ọmọdé lórí omi dídì. Nikanor yọ̀ títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ Agafya.

"Agafya Petrovna, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá yín sọ."

"Ẹ sọ ọ́, Nikanor Ilyich, etí mi ń bẹ níbí."

"Ẹ wo wúrà!" Taisia ti já wọ àárín wọn. "Àti ara ògiri, àti òkè àjà! Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń nu gbogbo dígí yìí? Àti ààrò wọ̀nyẹn, ta ló ń gbé igi iná fún wọn? Ẹyọ ààrò kan péré ni tèmi, ẹ̀yìn mi sì ti fẹ́ẹ̀ kán!"

"Ẹ rọra máa sọ̀rọ̀, ìyá," ìyá àgbà tó jókòó ṣọ́ yàrá náà bẹ̀ ẹ́.

"Kí n tún rọra? Ṣé ọbabìnrin náà ṣì ń sùn ni?"

Agafya rẹ́rìn-ín títí omi fi lé e lójú. Nígbà tó nu ojú tán, ó yíjú sí Nikanor. "Kí lẹ wá fẹ́ sọ?"

Gbogbo ojú ló ń wò ó. "Mo ní... mo ní ilẹ̀ yìí ń yọ̀."

Wọ́n kúrò níbẹ̀, ó di Petergof. Omi ń tú sókè níbi gbogbo, ó ń dà sílẹ̀ lára àwọn ère oníwúrà, oòrùn ń tàn, òkun ń dán lọ́ọ̀ọ́kán. Wọ́n jókòó sórí ògiri kékeré kan, wọ́n tú kùkúńbà, ẹyin sísè àti páì oníkábéèjì sílẹ̀. Nikanor tún la ẹnu. Taisia fi páì dí i.

"Ẹ jẹun, bàbá! Ẹ ti gbẹ jù. Afẹ́fẹ́ òkun yìí lè gbé yín lọ Finland."

Bó ṣe ń jẹ páì yẹn ni ọgbọ́n kan sọ sí i lọ́kàn. Kò sí ará abúlé wọn tó máa ń dìde ìrìn àjò láìkọ́kọ́ jókòó. Gbogbo ẹni tó ń lọ á jókòó, wọ́n á panu mọ́, ó di ìgbà tí ẹni tó dàgbà jù bá dìde kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Taisia gan-an kì í fi àṣà yìí ṣeré.

"Ṣé a ò ní jókòó kí a tó lọ wọ bọ́ọ̀sì ni?" ni Nikanor bá sọ.

"Ẹ káre, bàbá! A ò kúkú ní lọ bí ewúrẹ́!" Taisia ti ń wá àga kiri.

Èrò ti kún gbogbo bẹ́ǹṣì. Àmọ́ nínú ọgbà kékeré kan létí òkun, bẹ́ǹṣì funfun kan tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí wà lábẹ́ igi. Àwọn ọmọdé kan dúró lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ń fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ wo orí ire!" ni Taisia wí, ó sì gbé ìdí lé e. Agafya, tó dàgbà jù nínú wọn, jókòó sáàárín. Wọ́n panu mọ́.

Taisia dákẹ́. Nikanor gbọ́ ìró òkun, ó gbọ́ ẹyẹ, ó yíjú sí Agafya.

"Agafya Petrovna, ẹ má lọ Murmansk. Ẹ jẹ́ kí n fẹ́ yín."

Ojú Taisia yọ síta. Ó la ẹnu, ó rántí àṣà, ó fi ọwọ́ méjèèjì bò ó. Kí Agafya tó mí, omi tú láti ẹ̀yìn, omi tú láti abẹ́, ó bo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bẹ́ǹṣì tí àwọn ọba ṣe láti fi dá àpárá fún àlejò wọn ni wọ́n lọ jókòó lé! Àwọn ọmọdé hó yèè. Taisia figbe ta, ó sá lọ sábẹ́ igi.

Agafya kò mira.

"Ẹ dìde, òtútù á mú yín!" ni Nikanor wí.

"Èmi ni mo dàgbà jù, èmi ni mo máa kọ́kọ́ dìde. Ẹ ti sọ̀rọ̀ níbi tí wọn kì í ti í sọ̀rọ̀, ẹ tún fẹ́ kí n sá?" Gèlè orí rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn létí.

"Ibòmíràn ò sí. Taisia ò fún mi láyè láti àárọ̀."

Agafya wo Taisia tó ń fún yẹ̀rì rẹ̀ lábẹ́ igi, ẹ̀rín gbọ̀n ọ́n. "Ṣé ẹ máa ń hanrun?"

"Mo máa ń hanrun."

"Ó pọ̀?"

"Ó máa ń jí ajá."

"Ajá tèmi dití." Ó fọwọ́ gbá omi kúrò lójú. "Ilé mi la máa gbé o, tiyín ń jò. Mi ò lọ Murmansk mọ́." Nígbà náà ló tó dìde. "Ó yá, kí Ọlọ́run ṣáájú wa."

"Kí lo sọ?" Taisia ń sáré bọ̀. "Agafya, omi ò jẹ́ kí n gbọ́ o! Kí lo wí fún un?"

"Lọ gbẹ ara rẹ ná."

Nínú bọ́ọ̀sì, awakọ̀ tẹ́ ìwé ìròyìn sórí àga kó tó gbà kí wọ́n jókòó. Ẹ̀gbẹ́ Nikanor ni Agafya gbà lọ lọ́tẹ̀ yìí, ó sì yọ fóònù.

"Rimma, má wulẹ̀ wá pàdé mi ní ibùdókọ̀, mi ò bọ̀ mọ́. Rárá, ara mi le, mo tutù ni. Ta ló ń sín? Há, bàbá rẹ tuntun ni. Dúró, kí ẹ kí ara yín."

Ó na fóònù sí i. Nikanor gbà á, ó la ẹnu, ó sì tún sín.