Rọ́bà Olómi Sóbò

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, Sẹ̀kínátù palẹ̀ orí tábìlì mọ́ nínú yàrá rẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀, ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to fáìlì ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀. Yunifásítì tó ti ń kàwé gba oyè másítà lórí ètò ìkẹ́rù gba àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ láyè láti fi ìrírí wọn rọ́pò kọ́ọ̀sì méjì, bí wọ́n bá lè fi hàn pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni lóòótọ́. Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni wọ́n ń kọ́ kọ́ọ̀sì méjèèjì. Àárọ̀ yẹn náà ni Sẹ̀kínátù ń bójú tó bí wọ́n ṣe ń to kòńtẹ́nà sórí báàjì, ọkọ̀ ojú omi pẹrẹsẹ tó ń kẹ́rù, ní Kirikiri. Bí fáìlì náà kò bá wọlé, àfi kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ tàbí kó fi ìwé sílẹ̀.

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ohun tó fẹ́ fi han yunifásítì ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́.

Bí kòńtẹ́nà tó wúwo bá bà lé ẹ̀gbẹ́ kan báàjì, ẹ̀gbẹ́ náà á rì díẹ̀. Ojú lásán ni fóòmàn fi ń wò ó tẹ́lẹ̀, ìgbì sì máa ń tan ojú jẹ. Bíríkìlà ni bàbá Sẹ̀kínátù. Rọ́bà tínrín tó mọ́ gaara, tí omi wà nínú rẹ̀, ló fi ń mọ̀ bóyá ògiri méjì dọ́gba, torí omi inú rẹ̀ kì í ga lẹ́nu kan ju ìkejì lọ. Irú rọ́bà yẹn ni Sẹ̀kínátù nà láti ẹ̀gbẹ́ báàjì kan dé ìkejì. Ó so ẹnu rẹ̀ méjèèjì mọ́ irin, ó fàlà síbi tí omi dúró sí nígbà tí báàjì dọ́gba. Ẹ̀gbẹ́ tí omi bá ti kọjá ìlà ló ń rì. Òdìkejì ni kòńtẹ́nà tó kàn á lọ. Kí Lucky tó ń wa kiréènì lè rí i láti òkè, ó da sóbò pọ̀ mọ́ omi náà kó lè pọ́n. Láti ọjọ́ náà ni Lucky ti ń bi í pé èló ni ife kan.

Ó to fọ́tò, ó ya àwòrán bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ó fi ránṣẹ́.

Dọ́kítà Bùsáyọ̀, obìnrin tó ń yẹ fáìlì wò, fèsì pé àlàyé náà yé òun dáadáa, ṣùgbọ́n pátákó tó wà nínú fọ́tò ń pè é ní Rọ́bà Gbénró. Ta ni Gbénró?

Sẹ̀kínátù wo fọ́tò ara rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Ní wọ́ọ̀fù, èbúté tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ohun tí ọmọ gáǹgì, ìyẹn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fóòmàn kan, bá dá sílẹ̀, orúkọ fóòmàn náà ló ń jẹ́. Àpọ́nlé ni, ẹnikẹ́ni kì í bínú sí i. Ó ti mọ́ ọn lára débi pé kò rántí pé ará ìta á kà á.

Ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ bá Fóòmàn Gbénró, tó ti fẹ̀yìn tì, nílé rẹ̀ nítòsí Bọ́ńdárì. Bàbá náà ń tú fáànù kan palẹ̀.

“Olósóbò,” ló fi kí i. “Àwọn ọ̀gá wa tó ń lọ yunifásítì.”

Sẹ̀kínátù kúnlẹ̀, ó sọ ohun tó bá wá: kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá òun sọ fún dọ́kítà pé òun lòun ṣe rọ́bà náà. Bàbá náà mi orí. Ó ní ẹnu lásán nìyẹn, ẹnikẹ́ni lè bẹ fóòmàn kó sọ ọ́.

“Pè é,” ló wí. “Ohun tí èmi fúnra mi ṣe ni màá sọ.”

Sẹ̀kínátù pe dọ́kítà lórí fídíò. Fóòmàn kọ́kọ́ wá fìlà dé, kó tó gbà kí wọ́n rí òun lójú fóònù.

“Màdáámù, lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé e wá, mo ní wọn ò gbọdọ̀ ta sóbò lórí báàjì mi. Mo gé e, mo jù ú sómi. Ó gbé òmíràn wá, mo tún jù ú sómi. Ẹ jọ̀ọ́, bó bá jẹ́ tèmi ni, ṣé màá jù ú?”

Dọ́kítà rẹ́rìn-ín. Ó béèrè ohun tó wá yí wọn lọ́kàn padà.

“Mo fẹ́ dójú tì í ni. Mo pe gbogbo gáǹgì, mo ní báàjì dọ́gba. Rọ́bà ní ó ń rì lápá òsì. A fi téèpù wọ̀n ọ́n láti etí báàjì dé ojú omi, lọ́tùn-ún, lósì. Rọ́bà ló jàre. Wọ́n wá fi orúkọ mi pè é. Mo gbà á, fóòmàn ni mí.”

Dọ́kítà wá kọjú sí Sẹ̀kínátù. Bí ìgbì bá ń mi báàjì ńkọ́, ṣé omi inú rọ́bà ò ní máa jó? Sẹ̀kínátù ní òun máa ń fún ọrùn rọ́bà níbì kan, kí ọ̀nà omi lè há. Omi náà á máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò ní ráyè tẹ̀ lé ìgbì, àfi bí báàjì bá tẹ̀ lóòótọ́. Dọ́kítà ní kó ya àwòrán ìyẹn náà sí fáìlì.

Ó yà á. Ó fi ọ̀rọ̀ Fóòmàn sábẹ́ fọ́tò pátákó, kò sì pa orúkọ ibẹ̀ rẹ́.

Wọ́n gba fáìlì náà: kọ́ọ̀sì méjèèjì, yúnítì mẹ́fà. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni kíláàsì tó kù fún un. Láàárọ̀ Mọ́ńdè tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó sí kọ́ọ̀sì àkọ́kọ́, orí báàjì ní Kirikiri ni Sẹ̀kínátù wà, ó ń rọ sóbò sínú rọ́bà, Lucky sì ń béèrè láti òkè bóyá iye rẹ̀ ti gòkè báyìí.