Fáànù Ẹ̀yìn Ààrò

Niyat Shah kì í ṣe ẹni tó ń bá ohun tuntun jà. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, òun ló sì kọ́kọ́ fi gíláàsì sí fèrèsé ní gbogbo abúlé wọn láàárín àwọn òkè oníyìnyín Hunza, nígbà tí àwọn àgbà ń sọ pé gíláàsì á mú kí aráyé máa yọjú sínú ọbẹ̀ ẹni. Ìdí nìyí tó fi ya Didar, ọmọ rẹ̀, lẹ́nu nígbà tí bàbá náà wo fáànù tí ọmọ gbé wá láti ìlú Gilgit, tó ní, "Gbé e padà síbi tó o ti rà á."

Ọ̀rọ̀ fáànù náà kò ṣẹ̀yìn ìṣubú Zaiban, ìyàwó Niyat Shah. Yìnyín ló yọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń lọ pọnmi, egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Wọ́n tò ó fún un ní ọsibítù, wọ́n ní kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ títí òtútù ọdún náà yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ìyàrá àtijọ́ tí ààrò irin wà láàárín rẹ̀ ni ì bá dára kó wà, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn ààrò láti ki igi bọ̀ ọ́ ni èéfín ń mú un wúkọ́, ikọ́ náà a sì mi egungun rẹ̀ títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ni wọ́n bá tẹ́ ẹ sórí ibùsùn nínú yàrá tuntun tí Didar kọ́ mọ́ ilé náà. Kò séèéfín níbẹ̀, àmọ́ kò sóoru náà. Omi inú ife a máa dì níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Bí ọjọ́ bá ti rọ̀, Niyat Shah á jókòó ti ààrò, á máa koná, á sì ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tàkúrọ̀sọ. Tẹ́lẹ̀, tí Zaiban bá pe ewúrẹ́ láti ẹnu ọ̀nà, èyí tó wà lódìkejì odò á gbórí sókè. Láti ìgbà tó ti ṣubú, ohùn náà ti rí tín-ín-rín bí òwú. Niyat Shah á dẹ etí rẹ̀ tó ṣì ń gbọ́ràn dáadáa sí ẹnu ilẹ̀kùn, á sì máa ṣa ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé nǹkan tí òun ń retí láti àárọ̀ nìyẹn.

"Ẹ jẹ́ ká ṣáà dán an wò, Bàbá," ni Didar wí. "Ẹ̀yìn ààrò ló máa wà, á máa ti ooru lọ sọ́dọ̀ Màámi. Sólà ló ń lò, kò la ti iná ìjọba lọ."

"Ààrò tí mo ti ń dáná sí láti ìgbà tí o ò tíì mọ imú ẹ nù! Ó wá di ohun tí wọ́n ń fẹ́ bí ẹni ń fẹ́ ọkà?"

Rozina, ìyàwó Didar, fi ìborùn bo ẹnu rẹ̀ kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀.

Didar tan án. Iná ò pẹ́ tí wọ́n dá a, irin ààrò kò tíì gbóná. Fáànù náà bú bí ọ̀kẹ́ àìmọye oyin, eérú fò sókè, atẹ́gùn tútù sì gba ẹnu ilẹ̀kùn kọjá.

"Ta ló ṣí fèrèsé o?" Zaiban fi gbogbo agbára rẹ̀ ké láti yàrá.

"O gbọ́?" Niyat Shah fi ẹsẹ̀ tẹ fáànù náà pa. "Ìyá ẹ ń gbọ̀n!"

Láti ọjọ́ náà ni fáànù ti wà ní kọ̀rọ̀, tí wọ́n da aṣọ bò ó. Didar ò sinmi, bàbá rẹ̀ náà ò sì gbà. Bàbá ní ó ń jẹ igi; Didar ní kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá ní ó ń fọ́n eérú; Didar ní òun á gbálẹ̀. Nígbà tó sú ọmọ náà, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀ fún mi." Niyat Shah mú àáké, ó jáde lọ la igi tí wọ́n ti là tẹ́lẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Didar ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣiṣẹ́, Rozina wọlé lọ pààrọ̀ aṣọ ibùsùn. Ojú rẹ̀ ti yí padà nígbà tó jáde.

"Bàbá, ẹ wá fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Màámi."

Niyat Shah wọlé, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìbora. Ẹsẹ̀ méjèèjì dà bí òkúta inú odò.

"Láti ìgbà wo ni ẹsẹ̀ ẹ ti rí báyìí?"

"Ṣé ẹ ò mọ̀ pé ìgbà òtútù la wà ni?"

"Zaiban!" Ó pẹ́ tó ti dá orúkọ náà pè kẹ́yìn; Ìyá Didar ló máa ń pè é. "O sọ fọ́mọ ẹ pé ara ẹ móoru."

"Mo rí i pé ẹ kórìíra nǹkan ọ̀hún. Kí n wá torí ẹsẹ̀ méjì dá ìjà sílẹ̀ láàárín bàbá àtọmọ? Mo ní kí n rọra máa fara dà á."

Ọkùnrin náà jókòó sí etí ibùsùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ra ẹsẹ̀ náà.

"Ariwo ẹ̀ ni mi ò fẹ́."

"Ariwo kẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ayùn rẹ́ igi látàárọ̀ dalẹ́?"

"Tó bá ń pariwo, mi ò ní gbóhùn ẹ. Ohùn ẹ ti rẹlẹ̀ jù. Tí mo bá jókòó síbẹ̀ yẹn, tí mi ò gbọ́ ẹ, mo máa rò pé…" Ó fa ìbora bo ẹsẹ̀ náà.

Zaiban wò ó títí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbé e, tó fi di ìbàdí rẹ̀ mú. "Ẹ gbà mí o! Láti ọjọ́ tí mo ti ń pariwo pé kí ẹ tún òrùlé ilé ewúrẹ́ ṣe, ẹ ò gbọ́. Ìgbà tóhùn ò jáde mọ́ lẹ wá ń wá a kiri!" Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá Didar, ta ló so yín mọ́ ààrò? Ẹ gbé àga yín wá síbí."

"Ta ló máa koná?"

"Ṣé èmi ò lọ́wọ́ ni, Bàbá?" Rozina dáhùn lẹ́nu ọ̀nà.

"Kó o má ṣe bíi ti ọkọ ẹ o," Zaiban kìlọ̀ fún un. "Atẹ́gùn ààrò tútù ló ń fẹ́ sí mi lára lọ́jọ́sí. Jẹ́ kí irin gbóná dáadáa kó o tó tan án. Tíná bá sì ti fẹ́ kú, pa á, kó má lọ kó ìwọ̀nba ooru tó kù dà nù."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Rozina ki igi eléso ápíríkọ́ọ̀tì gbígbẹ bọ ààrò, ó dúró títí irin fi bẹ̀rẹ̀ sí í ró tá-tá. Niyat Shah gé aṣọ irun àgùntàn tó nípọn díẹ̀, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ fáànù kí igi ilẹ̀ má baà máa bá a gbọ̀n, ó sì yí i sí ìwọ̀n tó kéré jù. Ariwo rẹ̀ kò ju ti ológbò tó yó lọ. Ó gbé àga rẹ̀, ó wọlé. Nígbà tó yá, nǹkan kan fẹ́ sí i lẹ́yìn ọrùn, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò yìn ín. Ó sún àga kúrò lójú ọ̀nà kó lè kọjá.

"Ó ti ń débí," ni Zaiban wí, ó sì di ojú rẹ̀.

Nígbà tí Didar ti ṣọ́ọ̀bù dé ní ìrọ̀lẹ́, kò séèyàn létí ààrò. Ó gbọ́ fáànù tó ń kùn. Ó yọjú sí yàrá: bàbá rẹ̀ wà lórí àga, ó ki ẹsẹ̀ bọ abẹ́ ìbora ìyá rẹ̀, tíì oníyọ̀ ilẹ̀ wọn wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

"Ẹ̀yin lẹ sunkún lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa," ni ìyá ń wí. "Gbogbo ilé bàbá mi ló rí yín."

"Èéfín ni."

"Èéfín wo? Ìta gbangba la wà!"

"Ẹnì kan ń dáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Mo ní èéfín ni."

Didar kò wọlé. Ó padà sídìí ààrò, ó rọra ṣílẹ̀kùn rẹ̀, ó ki igi méjì sí i, ó sì tì í pa.