Ìdajì Ojú Ìwé Tó Ṣófo

Ẹwàolúwa ti di ẹrù rẹ̀ tán, bí ìyá rẹ̀ ṣe pàṣẹ fún un, kí Tíṣà Ìbíyínká tó wọlé. Báàgì ńlá náà wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, síìpù rẹ̀ ti bàjẹ́, wọ́n wá fi ọ̀já tí wọ́n fi ń pọn ọmọ so ó pọ̀. Ọmọbìnrin náà jókòó tì í, ó di aṣọ tútù mọ́ ojú òsì. Kò dìde. Ó kàn fi ojú tó kù kí i.

“Ẹ kú ọ̀sán, Màmá Tíṣà.”

“Kú ọ̀sán, ọmọ mi.” Ìbíyínká wo ojú náà lẹ́ẹ̀kan, ó gbójú kúrò. Ó wá ibi tó máa fìdí lé, ó jókòó, ó sì mí kanlẹ̀.

Ó ti rẹ̀ ẹ́. Láti Ìkàrẹ́ ló ti ń bọ̀. Inú mọ́tò tó wọ̀ kún fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n bọ́ sílẹ̀ ní Àkùngbá tariwotariwo, ló bá ku òun, awakọ̀ àti àpò gààrí kan tí a kò mọ ẹni tó ni ín. Bí wọ́n ṣe ń gun òkè Ọ̀kà ló ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun ti dàgbà kọjá irú ìpè báyìí. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, orúnkún méjèèjì ń ké, ẹ̀yìn ń ké, kí ló tún kù? Ṣùgbọ́n Ìyá Ẹwà ló pè é láàárọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń sọ pé rárá fún Ìyá Ẹwà.

“Tíṣà,” ohun tí ìyá náà wí lórí fóònù nìyí, “ọmọ yìí ní òun ò padà sọ́dọ̀ ọkọ mọ́. Mo ti sọ gbogbo èyí tí mo mọ̀ sórí fún un, kò gbọ́. Wá bá mi kà á jáde látinú nóòtù, kó lè mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni mo dá a sọ. Aago mẹ́rin ni ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ wá mú un.”

Nóòtù tó ń wí yìí, Ìbíyínká ló kọ ọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlélógún. Nígbà náà, ìjọ kékeré tó wà ládùúgbò rí i pé Yorùbá inú Bíbélì kì í wọ àwọn ìyá àgbà létí. Yorùbá ìwé ni, ohùn Ọ̀kà ni wọ́n sì fi tọ́ wọn dàgbà. Ìgbìmọ̀ ìjọ wá ní kí Ìbíyínká, ọmọ Ọ̀kà tó ń ṣe tíṣà ní Ìkàrẹ́, máa yí ibi tí àwọn bá yàn padà sí ohùn ilé, kó kọ ọ́ sí nóòtù, kó sì máa wá kà á fún wọn ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Ọkùnrin mẹ́fà ló wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Stephen, ọkọ Ìbíyínká, ni akọ̀wé wọn. Ibi tí wọ́n bá ní kó ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ibi tí wọ́n bá ní kó dúró náà ló ń dúró. Kò bi wọ́n léèrè rí.

Pálọ̀ Ìyá Ẹwà ni wọ́n ti ń kà á, inú àpótí Ìyá Ẹwà sì ni nóòtù ń gbé. Àwọn tó kù ń gbàgbé, àwọn kan ń sùn, àwọn kan ti kú. Ìyá Ẹwà ní tirẹ̀ há gbogbo rẹ̀ sórí láti páálí dé páálí, obìnrin tí kò mọ a yàtọ̀ sí b.

Ó ti gbé nóòtù náà jáde báyìí. Ó fi etí ìró nù ún, ó gbé e lé Ìbíyínká lẹ́sẹ̀.

“Kà á fún un. Ibi tó ní kí aya tẹrí ba fún ọkọ, bí ìjọ ṣe ń tẹrí ba fún Olúwa. Nínú ohun gbogbo ló wí. Kò yọ nǹkan kan sílẹ̀.”

“Màámi,” Ẹwàolúwa wí jẹ́jẹ́, “níbo ló wà níbẹ̀ pé kó máa fi bẹ́líìtì nà mí?”

Ìyá náà jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó na ẹsẹ̀.

“Kò sí níbẹ̀ pé kó nà ọ́,” ó wí. “Kò sì sí níbẹ̀ pé kó má nà ọ́. Mo ti wá a, Ẹwà. Ṣé o rò pé mi ò wá a? Gbogbo ìgbà tó o bá ti ilé ọkọ rẹ ní Òkè-Àgbè dé báyìí, mo máa ń dùbúlẹ̀, mà á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nóòtù, mà á rò ó lọ títí dé ìparí, bóyá mà á rí ibì kan tí Ọlọ́run ti bá ọkùnrin wí. Kò sí. Ká ní mo rí i ni, ṣé mà á jẹ́ kó o lọ?”

Omijé bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Kò nù ún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti dá ọmọ yìí padà sílé ọkọ, gbogbo ìgbà náà ló sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé báàgì dé ojú títì.

Ìbíyínká ṣí nóòtù náà kí ojú má baà kan ojú. Bébà ti pọ́n, kòkòrò ti jẹ ẹ́ létí, ṣùgbọ́n ìkọ̀wé tíṣà ni, ó ṣì ń hàn ketekete. Ó rí ojú ìwé tí wọ́n ń wí. Ọ̀rọ̀ tàwọn aya kún apá òkè. Ó parí sí àárín. Láti àárín dé ìsàlẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àyàfi ìlà.

Ó rántí ọjọ́ tó kọ ọ́. Orí tábìlì ìjẹun ló ti ń kọ ọ́ ní Ìkàrẹ́, ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ wú ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ń sọ fún àwọn tó bi í pé eyín ló ń dun òun. Ó ń kọ bọ̀, ó ti fẹ́ kọjá sí ibi tó kàn, Stephen sì dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ìwé náà.

“Ó tó bẹ́ẹ̀,” ó wí. “Èyí tó kù, tàwọn ọkùnrin ni. Ìyá àgbà lò ń kà á fún. Àwọn ọkùnrin mọ̀ ọ́n kà fúnra wọn.”

Kò tilẹ̀ pariwo mọ́ ọn. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ní kí wọ́n pa iná ìdáná. Ìbíyínká fi ìdérí dé bírò rẹ̀, ó ṣí ojú ìwé tuntun. Stephen ti kú ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, àwọn márùn-ún yòókù ti lọ tàbí wọ́n ti darúgbó, kò sì sẹ́ni tó ní kó má padà sí ojú ìwé náà mọ́. Kò padà.

Aago mẹ́ta ti kọjá. Ó ki ọwọ́ bọ báàgì, ó fa Bíbélì rẹ̀ yọ, ó fi awò sójú.

“Màmá,” ó wí, “kò tán síbẹ̀.”

“Kí ni kò tán?”

“Ọ̀rọ̀ náà. Ó ku tàwọn ọkọ.”

Kò dúró kí ìyá náà bi í ní nǹkan. Ó ń wo Yorùbá ìwé, ó sì ń fi ohùn Ọ̀kà sọ ọ́ jáde, ó ń kọsẹ̀ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún nítorí ẹnu rẹ̀ kò tíì gbé e rí. Ó ní kí ọkọ fẹ́ràn aya rẹ̀ títí dórí kó kú nítorí rẹ̀. Ó ní ara ọkùnrin ni aya rẹ̀ jẹ́. Ó ní kò sẹ́ni tó kórìíra ara rẹ̀ rí, bíbọ́ ni èèyàn ń bọ́ ọ, kíkẹ́ ni èèyàn ń kẹ́ ẹ.

Ìyá Ẹwà jókòó bí igi.

“Tún un kà.”

Ó tún un kà.

“Ẹ̀ẹ̀kan sí i.” Lọ́tẹ̀ yìí, ètè ìyá náà ń tẹ̀ lé tirẹ̀. Nígbà tó parí, ó béèrè, ohùn rẹ̀ kò sì le, “Ta ló yọ ọ́ kúrò?”

“Èmi ni.”

“Ìwọ.”

“Wọ́n ní kí n dúró, Màmá. Mo sì dúró.”

Ìyá Ẹwà na ìka sí ibi tó ṣófo nínú nóòtù. “Mo máa ń rí ibí yìí tó o bá ń ṣí i. Mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí kò sí nǹkan. Mo rò pé ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti sinmi.” Ó mi orí. “Ẹ̀ẹ̀mẹta, Tíṣà.”

Ìbíyínká fẹ́ sọ pé kó má bínú. Ọ̀rọ̀ náà kéré jù, ó gbé e mì.

Wọ́n gbọ́ fèrè mọ́tò níta. Ẹwàolúwa dìde, ó di báàgì mú. Ìyá rẹ̀ gba báàgì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e padà sílẹ̀, ó sì jáde.

Ṣẹ́gunfúnmi, ọkọ Ẹwàolúwa, kò tíì pa mọ́tò. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ kú ilé, Màmá. Ṣé kò tíì múra tán ni?”

“Ó ti múra. A ò tíì kàwé tán ni.”

“Ìwé wo, Màmá?”

“Tìrẹ. Tíṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tìrẹ.” Ó di ẹnu ọ̀nà mú lọ́tùn-ún lósì. “Máa lọ sílé. Tó o bá fẹ́ padà wá, kó àwọn àgbà ilé yín dání, kí wọ́n wá gbọ́ ọ pẹ̀lú rẹ. Ọmọ mi ò lọ.”

Ọkùnrin náà wo ẹ̀yìn rẹ̀ wọ inú ilé, ó wo àwọn aládùúgbò tó ti ń yọjú, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó sọ pé wọn á gbọ́ látọ̀dọ̀ òun. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gbọ́ tí mọ́tò náà ń sọ̀ kalẹ̀.

Ẹwàolúwa ń tú ọ̀já lára báàgì, kókó rẹ̀ le, ó ń fi eyín tú u. Nígbà tó tú, ó gbójú sókè.

“Màmá Tíṣà, ẹ̀yin mọ̀ ọ́n kà látìgbà yẹn.”

“Mo mọ̀ ọ́n kà.”

“Ẹ ò kà á fún ara yín rí?”

Ọgbọ̀n ọdún lé ní mẹ́ta ni Ìbíyínká fi wà nílé Stephen, Bíbélì náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́. Àwọn ìyá àgbà ní àwáwí tiwọn. Òun kò ní.

Ó gbé nóòtù náà lé orúnkún, ó wá bírò rẹ̀ rí. Ìyá Ẹwà wọlé, ó jókòó tì í, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ìbíyínká kọ ọ́ ní ohùn Ọ̀kà, láìsáré, ó fi Bíbélì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ó fi dé gbólóhùn tó kẹ́yìn.

Orí ìlà tó kẹ́yìn ní ìsàlẹ̀ ló parí sí. Kò ṣẹ́ kù, kò sì kún jù. Ìbíyínká yọ awò ojú rẹ̀, ó sì jókòó, ó ń wo ojú ìwé náà, àyè tí òun fúnra rẹ̀ ti wọ̀n sílẹ̀ de ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn.