Ẹ̀wù Tí Wọ́n Ń Bọ́ ní Kọ́nà

"Ẹ̀wù rẹ̀ ńkọ́?"

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu Kòwúwo nìyẹn, nígbà tí dírẹ́bà rẹ̀ wọlé, tó ní aláàárù kan ti kú sórí òkè. Kò béèrè orúkọ ẹni tó kú. Kò béèrè bóyá ó níyàwó, bóyá ó bímọ. Ẹ ò rí ayé bí? A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

"Ẹ̀wù wà nínú ọkọ̀, sà," ni dírẹ́bà dá a lóhùn. Ó ń yí fìlà rẹ̀ po lọ́wọ́. "Ṣebí a ti gbà á lọ́wọ́ wọn ní kọ́nà, bí a ṣe máa ń gbà á."

"Òtútù ló pa á?"

"Òtútù ni, sà. Wọ́n ní yìnyín dé lójijì, ṣẹ́ẹ̀tì lásán ló sì wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n fún un ní tíì gbígbóná, kò lè gbé e mì mọ́."

Kòwúwo jókòó. Lábẹ́ tábìlì, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, níbi tí ọmọ ìka méjì ti yẹ kó wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Kòwúwo jẹ́, kí ẹ má baà rò pé ọmọ olówó tí kò mọ ìyà ni. Aláàárù lòun náà. Láti kékeré ló ti ń ru ẹrù àwọn tó wá gun òkè. Bó ti wù kí ẹrù tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn tó, tí wọ́n bá bi í, á ní, "Kò wúwo, sà." Bí orúkọ ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn. Orí òkè yẹn ló fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì sílẹ̀ fún òtútù. Nígbà tí kò lè ru ẹrù mọ́, ó ń ṣa àwọn àgọ́ yíya tí wọ́n jù nù, ó ń rán wọn, ó ń fi wọ́n háyà. Láti orí àgọ́ ó bọ́ sórí bàtà, láti orí bàtà ó bọ́ sórí kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ ojú omi. Ahéré onípákó di ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀bù di ilé alájà méjì tí gíláàsì bò láti òkè délẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gun òkè, tó fẹ́ tukọ̀ lódò, tó fẹ́ sùn nínú igbó, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń bọ̀. Tó bá sì fẹ́ ẹni tó máa mú un gòkè, Kòwúwo á fún un ní afinimọ̀nà, á sì bá a wá àwọn aláàárù. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Òun náà ló ṣíwájú àwọn aláàárù lọ bá ìjọba. Ó bọ́ bàtà lójú gbogbo wọn, ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn wọ́n, títí wọ́n fi ṣòfin pé aláàárù kankan ò gbọdọ̀ kọjá gẹ́ètì òkè láìwọ ẹ̀wù òtútù àti bàtà tó nípọn, àti pé ẹni tó gbà á síṣẹ́ ni yóò pèsè wọn. Lọ́dún àkọ́kọ́, Kòwúwo pèsè wọn tọkàntọkàn. Ẹ̀wù lọ ní tuntun, ó bọ̀ ní àkísà: èéfín, epo, ihò. Ó dùn ún wọra. Lọ́dún kejì ló wá ta ọgbọ́n. Àwọn aláàárù á wọ ẹ̀wù dé gẹ́ètì, ọ̀gá àyẹ̀wò tí ìjọba fi síbẹ̀ á wò wọ́n, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á kọjá. Tí wọ́n bá ti ṣẹ́ kọ́nà báyìí, tí igi ti bo gẹ́ètì lójú, ọkọ̀ ṣọ́ọ̀bù ti ń dúró. Wọ́n á bọ́ ẹ̀wù, wọ́n á bọ́ bàtà. Dírẹ́bà á kó wọn padà, wọ́n á lọ ẹ̀wù, wọ́n á nu bàtà, wọ́n á so wọ́n kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù fún títà. Kòwúwo ní ẹ̀wù tí kò tíì rí òógùn kò tíì di àlòkù. Ṣé ọ̀gá àyẹ̀wò ò mọ̀ ni? Kẹ̀kẹ́ tí ọmọ rẹ̀ ń gùn kiri àdúgbò, ta lẹ rò pé ó fún un?

Ọ̀gá àyẹ̀wò yìí dé ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Kò tilẹ̀ jókòó.

"Fọ́tò wà?"

"Ó wà."

"Ẹ̀wù wà lọ́rùn ẹ̀ níbẹ̀?"

"Ó wà."

"Ó parí náà. Ìwọ fún un, òun tà á. Ta ni ò mọ̀ pé àwọn aláàárù máa ń ta nǹkan lójú ọ̀nà?"

"Kò tà á o," ni Kòwúwo wí.

"Èmi náà mọ̀ pé kò tà á. Àbí kí n kọ ọ́ pé ìwọ lo bọ́ ọ lọ́rùn ẹ̀? Òkú ò lè wá wí tẹnu ẹ̀, ọ̀gbẹ́ni. Ìwọ tó o wà láàyè, ro tara ẹ."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "Kọ ọ́," ni Kòwúwo ì bá sọ. Kò sọ ọ́. Ó ní kí ọkùnrin náà mú àgọ́ tó bá wù ú nísàlẹ̀ kó tó máa lọ. Ojú tì í, àmọ́ ìtìjú ò pa á.

Bí wọ́n ṣe sọ òkú di olè nìyẹn. Ẹgbẹ́ aláàárù máa ń ran ìdílé ẹni tó bá kú sẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́, àmọ́ ẹni tó bá ta ohun èlò ọ̀gá ò sí níbẹ̀. Ìjọba ti kọ ọ́ sílẹ̀, ta ló máa já a nírọ́? Àwọn tó mọ òótọ́ bojú wolẹ̀. Ẹni tó bá lanu, Kòwúwo ò ní pè é síṣẹ́ mọ́, ebi á sì wọlé tọ̀ ọ́.

Opó náà wá sí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀. Ó pọn ọmọ. Ó dúró láàárín àwọn báàgì àti okùn aláràbarà, kò mọ ibi tó yẹ kó fẹsẹ̀ sí.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ọkọ mi kì í ṣe olè."

Èrò kún ṣọ́ọ̀bù. Àwọn oníbàárà ti yíjú. Nítorí tiwọn, Kòwúwo fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó, sà. Wọ́n ń pe àwọn ọmọ mi ní ọmọ olè níléèwé. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kò tà á."

Kòwúwo nawọ́ fọ́tò sí i. "Ṣé òun kọ́ rèé?"

"Òun ni."

"Ṣé ẹ̀wù kọ́ ló wà lọ́rùn ẹ̀ yẹn?"

"Ẹ̀wù ni."

"Nígbà tí wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀, ẹ̀wù dà?"

"Ohun tí mo wá bi yín nìyẹn, sà."

 Kòwúwo gba fọ́tò padà. Ó wo ojú àwọn oníbàárà, ó wo ojú opó, ó sì gbé ohùn sókè kí tọ̀tún tòsì lè gbọ́.

"Ó dáa. Mi ò bínú. Ẹ̀wù lásán ni, ẹ̀mí ló ṣe pàtàkì. Mo ti dárí jì í."

"Áà, ẹ ṣeun!" ni oníbàárà kan wí. "Ọ̀gá bíi tiyín ṣọ̀wọ́n." Òmíràn ń mi orí, omi ti lé sójú rẹ̀. Dírẹ́bà rọra fọwọ́ kan opó lápá, ó ní kó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá. Obìnrin náà wo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà," ó tún ọmọ pọ̀n, ó jáde.

Nígbà tí àkókò gígun òkè tún dé, dírẹ́bà ní ara òun ò yá. Irọ́ ni, ara rẹ̀ le koko. Kọ́nà yẹn ni ò fẹ́ dé mọ́. Kòwúwo bá wa ọkọ̀ lọ fúnra rẹ̀. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun náà ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ó gbé ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, ó ṣí i lẹ́yìn. Atẹ́gùn tó ń bọ̀ látòkè mú bí abẹ.

Àwọn oníbàárà ti ń lọ níwájú. Àwọn aláàárù tò wá síbi ọkọ̀, wọ́n ń bọ́ ẹ̀wù, wọ́n ń bọ́ bàtà. Láàárín wọn ni obìnrin kan wà. Kòwúwo gbójú sókè, ó mọ̀ ọ́n.

"Ìyàwó wa! Ta ló gbà yín síṣẹ́?"

"Afinimọ̀nà yín ni, sà. Ebi ò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sóbìnrin."

Ó ti bọ́ bàtà, sílípáàsì ló kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ń ká ẹ̀wù náà dáadáa, bí ẹni ń ká aṣọ ọmọ rẹ̀.

"Ẹ má bọ́ tiyín," ni Kòwúwo wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ máa wọ̀ ọ́ lọ. Òtútù wà lókè."

"Mo mọ̀ pé òtútù wà lókè, sà."

Ó gbé ẹ̀wù náà lé Kòwúwo lọ́wọ́. Kò pariwo, àmọ́ ohùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà, wọ́n dúró, wọ́n wẹ̀yìn.

"Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, sà. Apá rẹ̀ méjèèjì rèé, bọ́tìnnì rẹ̀ pé. Kí gbogbo ayé rí i pé mo dá a padà fún yín, kí ẹ má baà tún dárí ji èmi náà."

"Ẹ yẹ tèmi náà wò, sà," ni ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wí.

"Àti tèmi."

 Obìnrin náà ti gbé ẹrù rẹ̀ rù, ó ti ń gòkè lọ nínú ṣẹ́ẹ̀tì lásán. Ẹ̀wù náà ṣì gbóná lọ́wọ́ ọ̀gá.