Ẹ̀yìn Eèsún

Ní ọdún 1987, Sàláúdéènì àti Zachariah ń dá àkùrọ̀ létí odò kan láàárín Èrúwà àti Lanlate. Oko wọn fara kan ara. Bí òjò bá dáwọ́ dúró, tí ọyẹ́ ń fẹ́, ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì máa ń tutù, ibẹ̀ sì ni ará ìlú ti ń rí àgbàdo tútù rà.

Àfòpiná kan wà níbẹ̀, kékeré, aláwọ̀ koríko gbígbẹ. Nígbà òjò, inú koríko etí odò ló ń gbé, kò sẹ́ni tó kà á sí. Bí ọyẹ́ bá dé tí koríko gbẹ, a gba inú àgbàdo lọ, a yé ẹyin sára ewé rẹ̀. Ìdin tó bá jáde nínú ẹyin náà a gbẹ́ ihò wọ inú igi àgbàdo, a sì jẹ ẹ́ títí yóò fi wó.

Lọ́dún náà, ìdin jẹ àgbàdo Sàláúdéènì bàjẹ́. Ti Zachariah tutù yọ̀yọ̀. Ìyẹn nìkan kọ́ ló dun Sàláúdéènì. Hàlímọ̀, ìyàwó rẹ̀, ló ń ta àgbàdo lọ́jà Lanlate, nígbà tí ti ọkọ rẹ̀ kò sì ṣeé tà mọ́, ọ̀dọ̀ Zachariah ló ti ń rà. Bẹ́ẹ̀, ìyàwó Zachariah ti kú.

"Bàbá Ayọ̀délé mọ iṣẹ́ o," ni Hàlímọ̀ wí nípa Zachariah bó ti ń gbé oúnjẹ kalẹ̀. "Gbogbo àgbàdo ẹ̀ ló yọmọ."

"Mo gbọ́," ni Sàláúdéènì dáhùn. Ó ti àwo oúnjẹ náà sẹ́yìn.

Koríko eèsún tó ga ju èèyàn lọ ló yí oko Zachariah ká. Bí Hàlímọ̀ bá ti wọ ẹ̀yìn rẹ̀, ọkọ rẹ̀ kì í rí i mọ́. Ohùn ló kàn ń gbọ́. Nígbà mìíràn, ẹ̀rín. A dá ọkọ́ dúró, a máa tẹ́tí. Kí ni wọ́n ń sọ tó pa á lẹ́rìn-ín? Ìgbà wo ló rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ nílé gbẹ̀yìn? Kí ni èèyàn ń fi eèsún bò mọ́lẹ̀ nínú oko àgbàdo?

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè kan tí Zachariah wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, Sàláúdéènì fa àdá yọ, ó bẹ́ eèsún náà lulẹ̀ pátá. Àfòpiná ń tú jáde bí ìyàngbò. Nígbà tó parí, ó rí inú oko náà kedere: ebè, àgbàdo, agbè omi kan. Kò sí nǹkan mìíràn. Dípò kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ńṣe ni inú túbọ̀ bí i.

Kò pẹ́, ìdin wọ àgbàdo Zachariah. Wọ́n wọ èyí tí Sàláúdéènì ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gbìn náà, wọ́n sì ṣe é bí ọṣẹ ṣe ń ṣojú.

Zachariah wá sílé Sàláúdéènì nírọ̀lẹ́. "Bàbá Mùnírátù, ẹnì kan bẹ́ eèsún mi. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dá a sí ni. Òun ni àfòpiná yẹn fẹ́ràn àti máa yé sí, oje rẹ̀ a sì máa pa ọmọ ìdin. Ní báyìí, àgbàdo wa ló kù fún wọn."

Hàlímọ̀ wo apá ọkọ rẹ̀, níbi tí àpá eèsún ti kún.

"Ẹ ní ẹ̀gún ló ya yín," ó ní.

Sàláúdéènì kò lè gbójú sókè. "Èmi ni. Mo fẹ́ máa rí ìyàwó mi."

Zachariah dìde, ó mú fìlà rẹ̀, ó sì jáde lọ.

"Ìyàwó ẹ̀ tó kú, ọ̀rẹ́ mi ni láti kékeré," ni Hàlímọ̀ sọ. "Ọ̀rọ̀ ẹ̀ la máa ń sọ. Òun ló ń pa wá lẹ́rìn-ín."

Láti ọjọ́ náà, Zachariah ò ta àgbàdo fún Hàlímọ̀ mọ́. Ẹlòmíràn ló ń ta ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù fún. Hàlímọ̀ kò bínú, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ ju bó ti yẹ lọ nínú ilé. Ohun tí Sàláúdéènì fẹ́ ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kò sì dùn.

Nígbà tí òjò padà dé, ó gé igi eèsún, ó gbìn ín yí oko méjèèjì ká. Lẹ́yìn náà ló lọ bá Zachariah.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa tà fún ìyàwó mi."

"Ṣé ọkàn yín ti balẹ̀?"

"Rárá," ni Sàláúdéènì dáhùn. "Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín."

"Ẹ ní kó wá lọ́jọ́ ọjà," ni Zachariah wí, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.